Ìkarahun Orí Ẹní Sulueti

Ẹ̀fọn tó wọ abúlé wa, Fagamalie, lọ́dún yìí kì í ṣe ẹ̀fọn ọmọdé. Bí ẹ bá gbá ọ̀kan mọ́ òpó ilé, yóò kọ́kọ́ pe orúkọ bàbá rẹ̀ kó tó kú. Èmi Pelenato fi ojú ara mi rí méjì tí wọ́n gbé òròmọdìẹ kan lápá ọ̀tún àti lápá òsì, tí wọ́n ń jiyàn ọ̀nà tí wọn yóò gbà. Ẹni tó bá ní irọ́ ni mò ń pa, kó lọ bi ìyá adìẹ.

Àmọ́ ti ìkarahun orí ẹní ẹ̀gbọ́n mi obìnrin yìí, bí mo ṣe rí i ni mo ṣe ń sọ ọ́. Mi ò fi ẹyọ kan kún un, mi ò sì yọ ẹyọ kan kúrò.

Sulueti lorúkọ ẹ̀gbọ́n mi. Òun ni olórí Ẹgbẹ́ Ìyá ní abúlé wa, oyè tí ìyá wa jẹ kó tó kú. Iṣẹ́ ẹgbẹ́ náà ni kí àìsàn má ráyè wọlé. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn obìnrin á wọ funfun lókè, wọn á ró búlúù nísàlẹ̀, wọn á tò tẹ̀lé ara wọn láti ojúlé dé ojúlé, Sulueti níwájú, ìwé lábẹ́ apá. Wọn á wo ilé ìgbọ̀nsẹ̀, wọn á wo garawa omi, wọn á wo abẹ́ ibùsùn. Mo mọ ọkùnrin kan tó bá ẹja ekurá jà nínú òkun, tó já eyín mẹ́rin gbà lẹ́nu rẹ̀, tó sì sá wọ inú igbó kókò nígbà tí Sulueti béèrè ìdérí garawa rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọlúàbí èèyàn ni wá, a kì í já lu ara wa nílé. Lọ́jọ́ tó ṣáájú àyẹ̀wò, wọn á fọn ìkarahun ńlá létí òkun, kí gbogbo ilé lè mọ̀ pé ọ̀la ni. Ilé kan ṣoṣo ló wà tí wọn kì í yẹ̀ wò, ilé pásítọ̀. Ta ni yóò lọ máa yọjú wo ìdí garawa ìránṣẹ́ Ọlọ́run?

Ibẹ̀ ni ọgbọ́n mi gbà wọlé.

Mo ní bọ́ọ̀sì kan nígbà kan rí. Nígbà tó kú, táyà mẹ́fà ló fi sílẹ̀ bí ọmọ òrukàn. Táyà kì í sì ṣe nǹkan tí a ń jù nù níhìn-ín. A fi ń tẹ orí páànù kí ìjì má baà gbé e lọ sí Tonga, erékùṣù kejì sí tiwa. A ń là á sí méjì kí ẹlẹ́dẹ̀ máa jẹun nínú rẹ̀. Sulueti kórìíra táyà bí ìyáálé tó kórìíra ìyàwó tuntun. Ó ní omi òjò tó bá sùn nínú táyà fún ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀fọn ti fi ṣe ilé ìgbẹ̀bí. Lẹ́yìn ilé pásítọ̀ wá ni ìkùdu omi àtijọ́ kan wà, tí wọ́n fi òkúta mọ, tí òrùlé rẹ̀ ti wó, tí ìtàkùn ti bò ó lójú. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, bí wọ́n ṣe fọn ìkarahun tán, mo bẹ̀rẹ̀ sí í yí táyà mi lọ síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Bàbá Etimani, tí ilé rẹ̀ dojú kọ ilé Sulueti, ló rí mi.

"Pelenato, níbo lo ń yí ìyẹn lọ?"

"Mo ń mú un lọ gba ìrìbọmi ni, Bàbá."

Ó ronú sí i díẹ̀. "Dúró dè mí," ló wí. "Tèmi náà kò tíì mọ Jésù."

Kí oṣù mẹ́ta tó pé, gbogbo abúlé ti gba ìgbàgbọ́. Bí ìkarahun bá ti dún, ẹ ó rí àwọn baálé ilé tí wọ́n ń sáré yí táyà gba ẹ̀yìn ilé ìjọsìn, wọ́n ń gbé agolo àti garawa fífọ́, wọ́n ń kí ara wọn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tó pàdé lọ́nà ibi ìṣọ́ òkú. Ní ọjọ́ kejì Sulueti á kọ sínú ìwé rẹ̀: Táyà, kò sí. Agolo, kò sí. Omi tó dúró, kò sí. Nọ́ọ̀sì àgbègbè ka ìwé náà, ó sì fún wa ní àsíá funfun abúlé tó mọ́ jù lọ. Ọdún mẹ́ta léra léra ló fi wà lórí ilé Ẹgbẹ́ Ìyá. Ẹ̀gbọ́n mi ń rìn bí ẹni pé ó gbé òpó àsíá náà mì.

Inú mi dùn, mi ò ní purọ́. Àwa máa ń sọ pé arábìnrin ni ẹyinjú arákùnrin rẹ̀. Mo rò pé mo ti fi wúrà lé e lójú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, bí àyẹ̀wò bá parí, olúkúlùkù máa ń lọ kó tirẹ̀ padà. Nígbà tó yá, ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wúwo. Ẹ ṣáà fi wọ́n sílẹ̀ síbẹ̀, oṣù tó ń bọ̀ la ó tún kó wọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sùn síbẹ̀, tí òjò ń rọ̀ sí wọn nínú. Ògiri òkúta kan ṣoṣo ló sì wà láàárín ìkùdu náà àti ilé Sulueti. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Mi ò kàn rò ó ni.

Òjò oṣù Kíní ọdún yìí kò mọ ilé, kò mọ oko. Lẹ́yìn rẹ̀ ni èèyàn mẹ́ta dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan náà pẹ̀lú ibà afọ́gungun, ibà tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, tó ń mú ẹ̀yìn ojú dun èèyàn bí ẹni pé wọ́n ki àtàǹpàkò bọ̀ ọ́ láti inú. Sulueti tẹ́ ẹní ńlá kan sílẹ̀ ní ilé Ẹgbẹ́ Ìyá. Ó fi okùn àgbọn ṣe ojú títì, ó fi òkúta kan ṣe ilé ìjọsìn, ó to igi wẹ́wẹ́ sí ibi tí ilé kọ̀ọ̀kan wà. Lẹ́yìn náà ó da ìkarahun kéékèèké jáde láti inú àpò, irú èyí tí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun, tí ikùn rẹ̀ dúdú.

"Ẹni tí ibà bá mú, funfun á wà lókè," ló wí fún àwọn obìnrin. "Ẹni tó bá kú, a ó yí i dé."

"Kí ni èyí wà fún, Ìyá?" ni ọ̀kan bi í.

"Kí ojú wa lè rí ohun tí etí wa ń gbọ́ ni."

Ìkarahun mẹ́ta. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn náà, mẹ́jọ. Àwọn àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́ ahọ́n pé iwin inú ìkùdu àtijọ́ ló jí. Sulueti gbọ́.

"Iwin tó ń bu èèyàn jẹ ní òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́," ló wí, "tó ń sinmi nígbà tí oòrùn bá mú, tí kì í bu ẹni tó wà nínú àwọ̀n. Ẹ ṣàlàyé iwin náà fún mi kí n lè kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀."

Lẹ́yìn náà ni ti Tavita ṣẹlẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni Tavita, òun ló lágbára jù ní abúlé. Mo ti rí i tó gbé ọkọ̀ ojú omi jáde láti inú òkun pẹ̀lú èèyàn mẹ́fà àti ajá kan nínú rẹ̀. Ibà mú un fún ọjọ́ márùn-ún. Ní ọjọ́ kẹfà, ara rẹ̀ tutù. Ó dìde jókòó, ó ní ebi ń pa òun, ó jẹ kókò nínú wàrà àgbọn, a sì kọrin. Èmi ni mo ń fi ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀, mo ní ó ti gbẹ títí tí ẹyẹ òkun fi fẹ́ fi í ṣe ìyàwó. Ó rẹ́rìn-ín. Bó ṣe rẹ́rìn-ín ni mo rí i pé eyín rẹ̀ pupa fún ẹ̀jẹ̀.

Kí wọ́n tó lu agogo àdúrà ìrọ̀lẹ́, Sulueti ti lọ yí ìkarahun kan dé.

Ní ọjọ́ kejì ìsìnkú, ó gbé ìwé àtijọ́ ìyá wa jáde. Ìyá wa ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé ní ọdún mọ́kàndínlógún sẹ́yìn, ibà kan náà wá, ó sì to orúkọ gbogbo ẹni tó mú. Tavita wà níbẹ̀, ọmọ ọdún mẹ́ta. Sulueti pe nọ́ọ̀sì lórí fóònù, ó bá a sọ̀rọ̀ pẹ́. Nígbà tó sọ fóònù sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti rí bí eérú.

"Ẹni tí ibà yìí bá mú lẹ́ẹ̀kíní, ó máa ń la á já," ló wí. "Ẹni tó bá mú lẹ́ẹ̀kejì ló yẹ ká bẹ̀rù fún. Ọjọ́ tí ara bá gbóná kọ́ ló ń pa wọ́n. Ọjọ́ tí ara bá tutù ni."

Ó ka orúkọ inú ìwé náà sókè. Púpọ̀ nínú wọn ti wà ní Niu Silandi, àwọn mìíràn ti wà ní sàréè. Méjì péré ló kù tó ń gbé abúlé. Àkọ́kọ́ ni Losivale, ọmọ kan ṣoṣo tí Sulueti bí, tó wálé sọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ láti wá bí àkọ́bí rẹ̀. Oyún náà ti wọ oṣù kẹsàn-án.

"Ìwọ náà lẹnì kejì, Pelenato."

"Mo rántí, ẹ̀gbọ́n mi. Ara mi gbóná nígbà náà débi pé gbẹ̀rẹ̀fútù mẹ́jọ ni wọ́n sun lórí àyà mi."

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Gbogbo wa ń wo ẹní náà. Ìkarahun funfun ti di mẹ́tàlá, wọn kò sì tú ká bí àgbàdo tí adìẹ tú. Wọ́n ń súnmọ́ ara wọn. Wọ́n pọ̀ jù ní àyíká igi wẹ́wẹ́ tó jẹ́ ilé pásítọ̀, wọ́n sì ń bọ̀ lójúlé-lójúlé sí igi tó jẹ́ ilé Sulueti.

Sulueti ṣí ìwé àyẹ̀wò tirẹ̀, ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹní náà.

"Ìwé mi sọ pé abúlé yìí mọ́," ló wí. "Ìkarahun sọ pé kò mọ́. Ọ̀kan nínú wọn ń purọ́." Ó wò wá yíká, ojú rẹ̀ sì dúró lára mi díẹ̀. "Ìkarahun kò sì lẹ́nu."

Mo dìde, mo ní mo fẹ́ lọ fún ẹlẹ́dẹ̀ mi lóúnjẹ. Ẹlẹ́dẹ̀ mi ti kú láti ọdún tó kọjá.

Mo fẹ́ sọ fún un. Mo gbìyànjú rẹ̀ ní ọ̀nà ọgọ́rùn-ún nínú ọkàn mi. Àmọ́ bí mo bá ti dé ẹnu ọ̀nà ilé Ẹgbẹ́ Ìyá, tí mo rí àsíá funfun yẹn tó ń fẹ́ lókè, mo máa ń pẹ̀yìn dà. Mo tún ń rò ó pé ẹni tó sọ ẹ̀yìnkùlé pásítọ̀ di ààtàn, ìgbìmọ̀ àwọn baálé lè lé e kúrò ní abúlé. Mo ní kí n dúró di ọ̀la. Ọ̀la dé, ìkarahun di mẹ́rìndínlógún.

Mo lọ kí Losivale. Ó wà nínú àwọ̀n ẹ̀fọn, ikùn rẹ̀ ga bí òkè iná, ibùsùn rẹ̀ fara ti ògiri òkúta.

"Bàbá Pele, ẹ wá gbọ́ nǹkan," ló wí. "Ògiri ń kọrin."

"Ògiri wo?"

"Ẹ gbé etí lé e. Láti ìdájí ni. Ọmọ inú mi ti mọ orin náà, ó ń jó sí i."

Mo gbé etí lé òkúta. Ohùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ohùn kan ṣoṣo tí kò mí, bí ẹgbẹ́ akọrin tí wọ́n gbàgbé ọ̀rọ̀ orin tí wọ́n wá ń kùn ún lábẹ́ imú. Mo fò sẹ́yìn kúrò lára ògiri.

"Ẹ wo ojú yín," ni Losivale wí, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ jẹ́ ọ̀rẹ́ ikú, ẹ̀fọn lásán ń bà yín lẹ́rù."

"Gbé ibùsùn rẹ kúrò níbẹ̀."

"Ibẹ̀ ló tutù. Ẹ má yọ ara yín lẹ́nu, mo wà nínú àwọ̀n."

Àmọ́ aboyún kò lè wà nínú àwọ̀n títí. Yóò jáde lọ tọ̀. Yóò jókòó jẹun. Ẹ̀fọn sì ní sùúrù ju ẹni tí ìyàwó rẹ̀ ń wọṣọ lọ.

Ní ọjọ́ kejì, ìkarahun dúró sí ilé Etimani. Mo lọ bá a. Ó dùbúlẹ̀ lórí ẹní, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn.

"Pelenato," ló wí, "àwọn táyà wa ti mọ Jésù dáadáa báyìí. Àwa ló kù."

"Ẹ má sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá."

"Ilé wo ló kàn lẹ́yìn tèmi?"

Ó mọ̀, mo mọ̀. Ojú títì nìkan ló wà láàárín ilé rẹ̀ àti ti Sulueti.

"Lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ. Èmi ì bá sọ ọ́, àmọ́ bí eyín mi ṣe ń lu ìlù yìí, yóò rò pé mo fẹ́ kọrin ni."

Mo lọ. Mo dúró níwájú Sulueti àti gbogbo obìnrin Ẹgbẹ́ Ìyá, mo sì jẹ́wọ́. Mo sọ ti ìkùdu, mo sọ ti táyà, mo sọ ti ìkarahun tí wọ́n ń fọn àti bí a ṣe ń sáré. Mo ní táyà tó wà níbẹ̀ tó ẹgbẹ̀rún, pé ẹ̀fọn ibẹ̀ ti yan ọba.

Àwọn obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Láti ìgbà tí Tavita ti kú, wọn kò tíì rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀.

"Ọkùnrin yìí," ni ọ̀kan wí, "ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀fọn gbé adìẹ. Lónìí wọ́n ti jọba."

Sulueti nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Pelenato, o mọ bó ti wúwo tó kí obìnrin fi ẹsẹ̀ kan ẹ̀yìnkùlé pásítọ̀ láti lọ tú u wò. Bó bá jẹ́ irọ́, wọn kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ yìí mọ́ láé, pàápàá nígbà tí a nílò rẹ̀ jù. Mi ò lè fi ẹnu rẹ ṣe ẹ̀rí. Lọ mú nǹkan tí mo lè kà wá."

Mo mú ìgò kan. Ọ̀sán gangan ni, oòrùn ń lu orí bí ọmọ odó. Mo gba iwájú fèrèsé pásítọ̀ kọjá, mo ya ìtàkùn sọ́tọ̀, mo sọ̀kalẹ̀ sínú ìkùdu.

Táyà wà lórí táyà bí owó ẹyọ nínú àpò ọba. Mo fẹ́ sọ pé ẹgbẹ̀rún ni, ẹnu mi ti ń yún mi. Mo dúró, mo kà á. Mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún ni. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí mo ka nǹkan tí mi ò fi kún un, nítorí kò sí àyè láti fi kún un. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́ táyà tó súnmọ́ mi jù. Omi inú rẹ̀ dúdú, ojú omi náà sì ń mí. Tanwíjí ni, wọ́n fún mọ́ra bí ìrẹsì inú ìkòkò, wọ́n dorí kodò, gbogbo wọn ń yí ìrù. Bí òjìji mi ṣe bọ́ sórí omi, gbogbo wọn rì lẹ́ẹ̀kan náà, bí èèyàn tó gbọ́ pé ẹnì kan ń bọ̀. Omi náà dákẹ́. Mo dúró láìmí. Díẹ̀díẹ̀, wọ́n tún ń gòkè bọ̀.

Orin náà wà lókè orí mi, ó wà létí mi, ó wà lọ́rùn mi. Mo gbá ara mi títí ọwọ́ mi fi pupa.

"Pelenato." Ìyàwó pásítọ̀ ló yọjú láti ojú fèrèsé, gèlè funfun lórí. Ọkọ rẹ̀ wà ní Niu Silandi lọ́dọ̀ ọmọ wọn láti ìgbà Kérésìmesì. "Ṣé ẹ wá kó ẹrù yín ni?"

"Ẹ mọ̀ nípa rẹ̀, Màmá?"

"Ọdún kẹta rèé. Abúlé gbé nǹkan wá sí ẹ̀yìnkùlé pásítọ̀, ta ni yóò dá ẹ̀bùn ìjọ padà? Gbogbo alẹ́ ni mo ń dúpẹ́ fún táyà nínú àdúrà." Ó fi ọwọ́ tẹ ojú rẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pariwo níbẹ̀ yẹn. Ẹ̀yìn ojú ń dùn mí láti àná."

Sulueti da omi ìgò náà sórí àwo funfun. Ó fi igi ìṣáná kà á, tanwíjí kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó dé ọgọ́rùn-ún, ó gbé igi ìṣáná sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ibà ti ń mú ìyàwó pásítọ̀ náà. Ó mú ìkarahun kan, ó fi sí i, ẹní náà sì wá pé: ilé pásítọ̀ láàárín, funfun yí i ká bí eyín nínú ẹnu.

Kò bú mi. Ì bá bú mi. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fa ìlà gba orí gbogbo "kò sí" tó ti kọ fún ọdún mẹ́ta, ewé lẹ́yìn ewé. Ó jáde, ó sọ àsíá funfun náà kalẹ̀, ó ká a.

"Ìyá, ṣé ká fọn ìkarahun kí wọ́n lè mọ̀ pé à ń bọ̀?" ni ọ̀kan bi í.

"A kò ní fọn ọn mọ́," ló wí. "Ìkarahun yẹn ló pa Tavita."

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn obìnrin tò wọ ẹ̀yìnkùlé pásítọ̀ lọ́sàn-án gangan, láìkéde, ohun tí ojú kò rí rí ní Fagamalie. Àwọn baálé dúró lójú títì, wọn kò lè sọ̀rọ̀, nítorí olúkúlùkù mọ táyà tirẹ̀. Wọ́n yí omi dànù sórí iyanrìn gbígbóná, wọ́n dá ihò lu táyà, wọ́n fi erùpẹ̀ dí ìkùdu náà. Kí agogo àdúrà tó lù, ó ti tán.

Ẹ̀fọn tó ti hu ìyẹ́ kò sí nínú táyà mọ́, ṣá.

Ní ọjọ́ kejì sí i, Losivale sọ pé ẹ̀yìn ojú ń dun òun. Mo wà níbẹ̀ nígbà tí Sulueti lọ fi ìkarahun náà sórí ẹní. Ó pẹ́ kó tó jù ú sílẹ̀.

Ọjọ́ márùn-ún ni ara Losivale fi jó. Ní ọjọ́ kẹfà, ó tutù. Ó jókòó, ó ní òun fẹ́ jẹ ẹja. Gbogbo ilé ń yọ̀, wọ́n ti ń dáná. Sulueti wọlé, ó ti wọ bàtà.

"Ọkọ̀ ti wà níta. Ẹ gbé e."

"Ẹ̀gbọ́n, ara ọmọ ti yá," ni àwọn ẹbí wí. "Ṣé ẹ fẹ́ fi ọwọ́ ara yín pe ibi ni? Ẹ jẹ́ kó jẹun."

"Tavita náà jẹun," ló wí.

Wọ́n gbé e lọ sí èbúté tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń fi ìyá rẹ̀ ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹ̀rù ti sọ ọ́ di ọmọdé. Èmi ni mo di ọwọ́ rẹ̀ mú wọ ọkọ̀ ojú omi. Ní orí àtẹ̀gùn, ó tutọ́ sínú òkun. Ó wo itọ́ náà. Kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ọkọ̀ fọn fèrè, ó kọrí sí Apia níbi tí ilé ìwòsàn ńlá wà, Sulueti kò sì wẹ̀yìn wò mí.

Ìyà kan wà lọ́dọ̀ wa fún irú mi. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹni tó ṣẹ̀ á lọ kúnlẹ̀ níwájú ilé ẹni tí òun ṣẹ̀, á fi ẹní bo orí, yóò wà níbẹ̀ títí wọn yóò fi ká ẹní náà kúrò tàbí títí wọn yóò fi fi àdá dá a lóhùn. Mo mú ẹní tó dára jù tí ìyá wa fi sílẹ̀, mo kúnlẹ̀ níwájú ilé Sulueti. Ilé náà ṣófo. Kò sí ẹni tí yóò ká a.

Ẹni tó wà lábẹ́ ẹní kì í mira. Kì í sọ̀rọ̀. Kì í gbá ẹ̀fọn. Ẹ̀fọn tó ṣẹ́kù mọ òfin náà, wọ́n wọlé tọ̀ mí wá. Mo ń kà wọ́n. Mo dé mọ́kànlélógójì ní òwúrọ̀ ọjọ́ kìíní. Àárín ẹní àti ilẹ̀ nìkan ni mo lè rí, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá. Kò sí ẹsẹ̀ tó dúró. Ẹnì kan ń gbé omi wá fún mi láàárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́, láìsọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé Etimani ni nítorí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, mo gbọ́ bọ́ọ̀sì tó dúró lójú títì. Ẹsẹ̀ kan ń bọ̀. Mo mọ ẹsẹ̀ náà, gìgísẹ̀ rẹ̀ là bí ilẹ̀ ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ni. Ó dúró níwájú mi. Mo wo ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ọ̀tún, mo wo òsì. Iyanrìn nìkan ni.

Mo kà dé ogún. Mi ò lè kà jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà ni mo gbọ́ nǹkan tó ń wọ́lẹ̀ bọ̀. Bàtà ilé ìwòsàn, ẹsẹ̀ tó wú tó fẹ́ ya bàtà náà, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń sinmi lẹ́yìn ìṣísẹ̀ méjì-méjì. Lókè ẹsẹ̀ náà, nǹkan kan ké bí ọmọ ológbò.

Sulueti ká ẹní náà kúrò lórí mi. Oòrùn wọ ojú mi débi tí mo pariwo. Mo rò pé oòrùn náà ni.

"Ẹ̀yìn ojú ń dùn ọ́?" ló bi mí.

Mo fẹ́ dá àpárá kan. Kò wá. Ó gbé ọwọ́ lé iwájú orí mi bí ìyá wa ti máa ń ṣe, ọwọ́ náà sì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ki èkejì bọ àpò. Mo gbọ́ tí ìkarahun ń gbá ara wọn níbẹ̀.

Òní ni ọjọ́ kẹfà. Ara mi tutù láàárọ̀ yìí. Etimani wà lẹ́bàá òpó, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní kí n gbé bírò tí mo fi ń kọ èyí sílẹ̀, kí n dìde wá jẹ kókò. Losivale ń fún ọmọ lọ́mú níwájú ilé. Sulueti kò wo kókò, kò wo èmi náà. Ó dúró lójú títì pẹ̀lú bàtà rẹ̀ lẹ́sẹ̀, ó ń wo ibi tí ọkọ̀ máa ń gbà yọ.